Àlejò Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì: Ẹ̀kọ́ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú sí àlejò rárá. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú lè rí ilé, kí ó rí ọ̀nà, kí ó sì rí ènìyàn rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kí ó má mọ ilé tí ó lè yà sí, kí ó má mọ ọ̀nà tí kò yẹ kí ó tọ̀, kí ó má sì mọ ènìyàn tí ó yẹ kí ó sá fún. Onílé ni ó ní láti fi ojú tirẹ̀ ríran fún un títí ojú àlejò yóò fi là.

Ní ayé ìsinsìnyí, tí ọ̀dọ́ àti àgbà ń di ẹrù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí ìrìn náà sì ti gba orúkọ tuntun tí í ṣe jápa, ilé ìjọsìn ni ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ Kristẹni ti ń wá irú onílé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àjèjì kì í ṣe ọjọ́ àdúrà nìkan. Ní ọjọ́ náà ni ènìyàn ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá òun yóò rí ẹni tí yóò sọ fún òun ibi tí a ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, bí a ti ń rí dókítà, iṣẹ́ tí ó jẹ́ iṣẹ́ òtítọ́ àti èyí tí ó jẹ́ pańpẹ́. Bí ó bá bí ọmọ, inú ìjọ náà ni yóò ti wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀ ẹ́, inú ìjọ náà ni yóò ti rí ẹni tí yóò bá a sin òkú. Bí ẹni rere kò bá gbà á, ẹni burúkú kì í pẹ́ yọjú. Àwọn alágbàtà wà tí ń gba owó ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tí ojú ń pọ́n, tí ìwé kankan kì í sì í jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbígba àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín músẹ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ọ̀rọ̀ ààbò ni.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni ó ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì di ilé fún àlejò, kí sì ni ó ń sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn wọ̀ tí ó sì jáde láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wá? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí Èkó.

Ẹnu-ọ̀nà ìjáde àti ẹnu-ọ̀nà ìwọlé

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ fara kan ara wọn. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Boundary ni ó pààlà sí wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀kan kí ó sì dé èkejì kí oúnjẹ náà tó dà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìtàn gbé fún àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Àpápá ni ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí gbà lọ sí òkè òkun. Ọdún 1926 ni a ṣí wọ́ọ̀fù tí ọkọ̀ ńláńlá lè sún mọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Elder Dempster fi ọkọ̀ mẹ́ta sójú òkun láàrin Èkó àti Liverpool: Accra ní 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol ní 1951. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí gan-an. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn náà ń gbà. Àwọn tí ń lọ kọ́ òfin, àwọn tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ìyàwó tí ń lọ bá ọkọ wọn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí, pẹ̀lú gààrí àti ata gbígbẹ. Onígbàgbọ́ tí ó bá mọ ètò a sì máa mú ìwé àlùfáà ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ó fi lé àlùfáà òkè òkun lọ́wọ́. Ọdún 1974 ni Aureol ṣe ìrìn àjò ìkẹyìn láàrin Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ òfurufú sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ òpópónà kan wà ní Àpápá títí di òní tí ń jẹ́ Liverpool Road.

Ajégúnlẹ̀ ní tirẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà ìwọlé. Àwọn tí iṣẹ́ wọ́ọ̀fù àti iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ fà wá sí Àpápá, tí owó ilé Àpápá sì ga jù fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Orúkọ ìlú náà sọ ìrètí wọn: ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ègùn, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti Hausa. Àwọn ará Ghana, Togo àti Benin náà wá láàrin wọn, pàápàá láàrin ọdún 1970 sí 1980 tí owó epo rọ̀bì ń dún gbọnmọgbọnmọ ní Nàìjíríà. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan ṣoṣo, èdè mẹ́fà lè máa dún kí ilẹ̀ tó mọ́, pijin ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn ìlú méjèèjì fi jẹ́ òṣùwọ̀n fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ti Àpápá lọ tí ó ń ráhùn pé a kò kí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì Liverpool, ó yẹ kí ó lè sọ bí a ṣe kí ará Cotonou tàbí ará Accra ní ṣọ́ọ̀ṣì Ajégúnlẹ̀.

Omi, orúkọ àti onílé

Nínú àṣà Yorùbá, ohun mẹ́ta ni a fi ń gba àlejò, ètò wọn kì í sì í dàrú. Omi ni àkọ́kọ́. Kí a tó bi àlejò ní ohun tí ó bá wá, a ó kọ́kọ́ gbé omi fún un, nítorí pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè rojọ́ tí yóò já gaara. Omi náà ń sọ fún un pé bí iṣẹ́ tí ó wá jẹ́ dùn tàbí kò dùn, a ti kà á sí ènìyàn.

Orúkọ ni èkejì. A ó bi í ní ọmọ ẹni tí ó jẹ́ àti ìlú tí ó ti wá. Kì í ṣe ìbéèrè ọlọ́pàá. Ìdí tí a fi ń bi í ni kí a lè wá okùn tí ó so wá pọ̀: bóyá bàbá rẹ̀ bá bàbá ẹnìkan ṣòwò rí, bóyá ìyá ẹnìkan ti ìlú rẹ̀ wá. Bí okùn náà bá yọ, àlejò ti di ará. Bí kò bá yọ, a ti mọ oríkì tí a ó fi máa kí i.

Onílé ni ẹ̀kẹta, òun ni ó sì wúwo jù. Àlejò kò gbọdọ̀ wà ní ìlú láìsí ẹni tí a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀ sí. Onílé yìí ni yóò mú un lọ kí Baálẹ̀. Bí àlejò bá ṣẹ̀, onílé ni a ń ránṣẹ́ pè. Bí a bá rẹ́ àlejò jẹ, onílé ni ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Òun ni ń kọ́ ọ ní èèwọ̀ ilẹ̀ náà, kí ó má baà fi àìmọ̀ ṣẹ̀. Nítorí èyí ni àlejò náà fi ní ojúṣe tirẹ̀. Kì í jókòó kí a tó fi àga hàn án, kì í ṣe ohun tí onílé kà léèwọ̀, kì í sì í sọ fún onílé pé báyìí ni a ṣe ń ṣe é nílùú òun.

Bí a bá fi ohun mẹ́ta wọ̀nyí wọn ìtàn àwọn tí ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ àjèjì, yóò hàn gbangba pé omi àti orúkọ kì í sábà wọ́n. Onílé ni ó ń wọ́n.

Bí ó ti rí fún àwọn baba wa

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú bá ara wọn ní Freetown ní Sierra Leone. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Ìlú àjèjì ni, ṣọ́ọ̀ṣì àjèjì ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń jọ́sìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó nínú ilé Ọlọ́run bí àlejò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, lẹ́yìn tí a ti fi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó ṣe ìsìn fún wọn ní Freetown ní èdè Yorùbá. Ní ọjọ́ yẹn, ẹni tí ó jẹ́ àlejò lánàá ni ó dìde gẹ́gẹ́ bí onílé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá kò bá àlùfáà Kátólíìkì kankan nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí ó ti gba òmìnira, ẹni tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ni ó kó wọn jọ fún àdúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi í joyè àlùfáà. Àlùfáà Borghero bẹ Èkó wò ní 1863, ó sì di 1868 kí àlùfáà tó wá jókòó tì wọ́n. Bí kì í bá ṣe ẹnìkan tí ó gbà láti jẹ́ onílé, ẹ̀sìn wọn ì bá ti túká kí àlùfáà tó dé.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ni ó gbin ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sí àwọn ìlú ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé mọ̀ pé bí òun bá lè rí ìjọ náà, òun ti rí ibi tí òun yóò sùn àti ẹni tí yóò fi ọjà han òun. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀pọ̀ ìjọ náà ṣe ṣófo nìyẹn.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba ìwé orin àti ìwé àdúrà náà. Àwọn tí ó ti Àpápá wọ ọkọ̀ lọ rò pé ilé ni àwọn ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i pé ìwé àlùfáà tí àwọn mú lọ́wọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn. Ní Walworth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, a dá ìdílé aláwọ̀ dúdú kan padà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní 1961. Ìtàn náà wà lára ohun tí a rò níwájú Sínódù Àpapọ̀ Ìjọ England ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí wọ́n dìbò láti tọrọ àforíjì fún ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó ti wà nínú ìjọ náà láti ìgbà tí ọkọ̀ Windrush ti kó àwọn ará Caribbean dé ní 1948. Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àrùn náà kò tíì tán nínú ìjọ.

Àwọn Yorùbá kò jókòó de àforíjì yẹn. Ní 1964, Adeleke Adejobi, ẹni tí ó lọ kàwé ní Scotland, dá ẹ̀ka Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ lé e ní 1965. Kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ni ó bí àwọn ìjọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó lá àlá burúkú ń wá ẹni tí yóò gbọ́ àlá náà láìrẹ́rìn-ín, ẹni tí ó bímọ sì ń wá ẹni tí yóò bá a kà á dé ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọ mìíràn rọ́ dé, títí kan Ridíìmù tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Walworth tí a dárúkọ lókè yìí wà ní àgbègbè Southwark. Ní 2013, àwọn olùwádìí University of Roehampton ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìtajà àtijọ́. Àwọn tí a kò fún ní onílé ti sọ ara wọn di onílé.

Ìtùnú tí ó lè di ògiri

Ta ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sọ èdè ẹlòmíràn níbi iṣẹ́, tí ó wá gbọ́ “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò mọ̀ pé òun ti mu omi. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi gba ara wa là lè di ohun tí a fi sé ẹlòmíràn mọ́ta. Ìjọ wà tí ó ti pé ogún ọdún ní àdúgbò kan tí aládùúgbò rẹ̀ kò tíì wọ inú rẹ̀ rí, kì í ṣe pé a lé e, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó ronú pé ó lè wá. Bí ó bá sì wá, gbogbo ìkéde jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú tí kò mọ̀, àwàdà inú ìwàásù kò sì yé e. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ pàápàá a máa jókòó bí àlejò nínú ìjọ bàbá wọn, nítorí pé a kò kọ́ wọn ní èdè nílé, a kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà nítòsí tí ó fi hàn pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, oníṣẹ́ káfíńtà, dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947 ní Porto-Novo, tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Àwọn apẹja Ègùn ni ó gbé e kọjá ààlà wá sí Makoko ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1950. Nígbà náà, Yorùbá tí ó bá wọ inú rẹ̀ ni àlejò. Ó ní láti bọ́ bàtà sílẹ̀, kí ọkùnrin jókòó sí ọ̀tọ̀, kí obìnrin jókòó sí ọ̀tọ̀, kí ó sì gbọ́ orin tí èdè Ègùn wà nínú rẹ̀. Àwọn Ègùn kò pa ètò wọn tì nítorí àlejò, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí àlejò kọ́ ọ. Àwọn Yorùbá náà kò bèèrè pé kí a pa orin Ègùn rẹ́. Ìjọ náà tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, ó sì dé òkè òkun, ọ̀rọ̀ Ègùn sì wà nínú orin rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí Oshoffa kú ní 1985, ìjọ náà kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo mọ́.

“Ẹ dìde kí a rí yín”

Bí a bá wá padà sí Ajégúnlẹ̀ lónìí, ó ṣòro láti rí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ kan a máa fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù kí ògbufọ̀ máa túmọ̀ sí Yorùbá, òmíràn a máa fi pijin ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn ẹ̀yà kan sì ní ìsìn tiwọn ní èdè tiwọn. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ìsìn bá dé ìdajì, olùkéde yóò ní kí àwọn tí ó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ dìde. Ìjọ yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò kọrin, wọn yóò sì fún àlejò ní káàdì kí ó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Nígbà mìíràn a ó mú un lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ìsìn, a ó fún un ní ohun mímu inú ìgò.

Ìpinnu rere ni ó wà nídìí ètò yìí, ó sì sàn ju kí ènìyàn wọlé kí ó jáde láìsí ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi àṣà wò ó. Ìbéèrè ti ṣíwájú omi. Àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun ni a dá dúró láàrin àwọn ọmọdé kí wọ́n lè wò ó, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ni ó yẹ kí ó wá kí i níbi tí ó jókòó sí. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí ó ń bẹ̀rù ìṣírò, yóò wo ibi tí a ní kí ó kọ àdírẹ́sì sí, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Èyí tí ó burú jù ni pé káàdì kì í ṣe onílé. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, àlejò mìíràn ni a ó tún ní kí ó dìde, ti àkọ́kọ́ yóò sì jókòó sẹ́yìn láìsí ẹni tí a lè pè tí a bá fẹ́ mọ̀ bí ó ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ onílé yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù. Àpò ńlá aláwọ̀ bí ẹní tí wọ́n di ẹrù sí gba orúkọ Ghana Must Go nígbà náà, kò sì tíì bọ́ orúkọ náà sílẹ̀. Ohun tí Ghana ṣe sí Yorùbá ní 1969 ni Nàìjíríà ṣe sí Ghana ní 1983. Ìjọ kankan kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tí ó ní onílé àti ẹni tí kò ní. Ẹni tí ó ní onílé rí ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pamọ́ sí ọwọ́, rí ẹni tí yóò sin ín dé ibi ọkọ̀, rí ẹni tí yóò gba gbèsè tí ọ̀gá jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní onílé, òun àti àpò rẹ̀ nìkan ni.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ìjọ tí ń rán ènìyàn lọ ní ojúṣe. Ìjọ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ń ṣe àdúrà ìdágbére fún ọmọ ìjọ tí ó ń lọ sí òkè òkun. Kí wọ́n fi ìwé kún un. Kí ìwé náà má sì jẹ́ sí “ẹni tí ó bá kàn”, nítorí pé ẹni tí ó bá kàn kì í sí nílé. Kí ó jẹ́ sí ènìyàn kan tí ó ní orúkọ, tí a ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣáájú, tí ó sì gbà pé òun yóò jẹ́ onílé. Ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun kò jẹ́ kí ó rọrùn ní 1951 ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí.

Ìjọ tí ń gba ènìyàn ní ojúṣe. Kí ó fún àlejò ní omi kí ó tó fún un ní káàdì. Kí ó lọ bá àgbàlagbà níbi tí ó jókòó sí. Kí ó fa àlejò kọ̀ọ̀kan lé ìdílé kan lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí a sì kọ orúkọ ìdílé náà sínú ìwé ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àlejò. Kí ó wá ògbufọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè, ìbáà ṣe Yorùbá ní Southwark tàbí Faransé ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ajégúnlẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: ọmọ tuntun tí kò gbọ́ èdè kíláàsì, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n ń fi í tì, kì í sì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó là.

Àlejò náà ní ojúṣe. Kí ó bèèrè èèwọ̀ ilé náà kí ó tó wọlé: bóyá a ń bọ́ bàtà, bóyá obìnrin ń borí, bóyá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ lè jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Kí ó má fi ọjọ́ kan ṣèdájọ́, nítorí pé òtútù ojú àwọn kan kì í ṣe ìkórìíra. Kí ó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ó bá yan ìjọ tí a ti ń sọ èdè rẹ̀, ó dára. Kí ó ṣáà mọ aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí iná bá jó ilé lóru, aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. Kí ó má sì fi pásípọ́ọ̀tù tàbí owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí pé onítọ̀hún mọ orin gbè.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá rí i ní Ajégúnlẹ̀ pé ìyá òun ni a fi ṣe onílé fún obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lomé dé, kò ní ṣòro fún un láti jẹ́ onílé ní Liverpool, kò sì ní tijú láti wá onílé nígbà tí ó bá di àlejò. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọ kan ń gba àlejò, kí a má ka àtẹ́wọ́ tí ó pa tàbí káàdì tí ó pín. Kí a nawọ́ sí ẹni tí ó wọlé ní oṣù tí ó kọjá, kí a sì bèèrè pé ta ni onílé ẹni yìí. Bí ẹnìkan bá dáhùn pé èmi ni, ìjọ náà ti gba àlejò.